Wọ́n fẹ́ mú ọmọ mi lọ Trinidad fún ọjọ́ 12: ẹ̀kọ́ ni àbí fàájì?

Ìbéèrè ìyá ọmọ:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọbìnrin mi wà ní ọdún kejì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì níbí ní Amẹ́ríkà. Kíláàsì rẹ̀ fẹ́ lọ sí Trinidad, erékùṣù kan ní òkun Caribbean, ní ìparí oṣù Karùn-ún, ọjọ́ 12 gbáko, wọ́n ní wọ́n fẹ́ lọ kọ́ nípa orílẹ̀-èdè tó bọ́ lọ́wọ́ amúnisìn. Owó tí wọ́n ń béèrè lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là, owó bàálù ò sì sí nínú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní bó bá jẹ́ ibi tí òyìnbó ti jọba tó sì ti kúrò ló fẹ́ rí, kó lọ kí ìyá òun ní Iléṣà, lọ́fẹ̀ẹ́ ni yóò rí i. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mi ò rí èsì fún un. Ṣé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ àbí òkun ni wọ́n fẹ́ lọ lúwẹ̀ẹ́? Ẹ̀yin tí ẹ mọ ibẹ̀, ẹ má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ o.

* * *

Ọ̀rọ̀ bàbá ọmọ yẹn dùn mọ́ mi, ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Trinidad lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni olùkọ́ kejì, ẹni tó ń ka orí wọn nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, òkun náà wà níbẹ̀. Èyí tí ọmọ yín máa mú bọ̀ wá sílé, ọwọ́ ẹni tó ṣètò ìrìn-àjò náà ló wà. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ ní kí wọ́n fi ètò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan hàn yín. Bí ẹ bá rí i pé etíkun Maracas àti Tobago, erékùṣù kejì wọn, ló gba ọjọ́ márùn-ún níbẹ̀, ẹ tọ́jú owó yín. Bí ẹ bá rí àwọn ibi tí ìtàn wà bíi La Brea, Fyzabad, Waterloo, Chaguaramas àti Woodford Square, ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe ló kọ ọ́.

Àmọ́ Iléṣà kọ́ ni Trinidad. Ilé ni òyìnbó bá wa. Ó bá ọba lórí ìtẹ́, ó bá èdè lẹ́nu wa, nígbà tó sì ń lọ, wọ́n ṣẹ́kù síbẹ̀. Ní Trinidad, amúnisìn ló kó àwọn aráàlú fúnra wọn débẹ̀. Sípéènì ló kọ́kọ́ ni ín. Ní 1783 ọba Sípéènì ṣe òfin tó fi ilẹ̀ fa àwọn Kátólíìkì láti ibòmíràn mọ́ra, ni àwọn Faransé bá kó ẹrú wọn dé. Ní 1797 Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ Sípéènì. Nígbà tí ìdè ẹrú já pátápátá ní 1838, tí àwọn ẹrú sì kọ̀yìn sí oko ìrèké, àwọn olóko ránṣẹ́ sí Íńdíà: ọkọ̀ Fatel Razack gúnlẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún 1845, wọn ò sì dáwọ́ kíkó èèyàn dúró títí di 1917. Àwọn tó gba ọ̀nà yẹn dé lé ní 140,000. Nínú ètò ìkànìyàn 2011, àwọn ọmọ Íńdíà lé díẹ̀ ní 35 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ọmọ Áfíríkà lé díẹ̀ ní 34, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn pò pọ̀ sún mọ́ 23. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ tó ṣẹ́kù ní Arima, ta ló lè wí fún ẹnì kejì níbẹ̀ pé ilẹ̀ bàbá òun nìyí? Bí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ṣe ń jókòó pọ̀ di ìlú, ìyẹn ni wọ́n fẹ́ lọ wò. Ìyá àgbà ò lè fi ìyẹn hàn án ní Iléṣà.

* * *

Ẹ ti fèsì tó, mo kà á pátá. Àwọn kan ń bẹ̀rù ìbọn, àwọn kan ń ṣírò owó, ẹnì kan tilẹ̀ ní Kútọnu ló yẹ kí ọmọ náà lọ.

Ti ìbọn yẹn, ẹni tó bá ní kò séwu, irọ́ ló ń pa. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá 2024 ìjọba ibẹ̀ kéde ipò pàjáwìrì nítorí àwọn ẹgbẹ́ oníbọn, wọ́n sì tún kéde òmíràn nínú oṣù Keje 2025. Ohun tí a ṣe ni pé a gba maxi kan ṣoṣo (bọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n ń wọ̀ níbẹ̀ nìyẹn, ẹ sọ pé dánfó tó ti ronú pìwà dà), awakọ̀ kan náà ló gbé wa láti pápákọ̀ òfurufú Piarco títí a fi padà síbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń dá rìn lálẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì bóyá ìwé adójútòfò wọn ṣì ń ṣiṣẹ́ bí ìjọba bá kéde irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn òbí kì í béèrè.

Páásípọ́ọ̀tù ló yẹ kó gba oorun lójú yín. Bó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà ni ọmọ yín ní, yóò wọlé wẹ́rẹ́ láìgba físà. Bó bá jẹ́ ti Nàìjíríà, ó gbọ́dọ̀ gba físà, kó sì tètè bẹ̀rẹ̀. Ní ìrìn-àjò wa àkọ́kọ́, ó ku ọjọ́ méjì ká gbéra kí físà ọmọ Nàìjíríà kan tó wà láàrin wa tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ilẹ̀ méjì tí Gẹ̀ẹ́sì kan náà jẹ́ ọ̀gá lé lórí, ọmọ ilẹ̀ kan ò lè wọ èkejì bí kò bá tọrọ, ọmọ Amẹ́ríkà sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wọlé. Mo fi èyí ṣe ẹ̀kọ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ òyìnbó inú kíláàsì ò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Kó má sì kó aṣọ aláwọ̀ sójà dání, ì báà jẹ́ fìlà. Òfin ibẹ̀ ò gbà á fún ẹni tí kì í ṣe ológun. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù gba ṣòkòtò lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan nínú wa, ó sì fi ṣòkòtò péńpé bọ́ọ̀lù wọ ìlú onílùú.

* * *

Bàbá Ìbejì kọ ọ́ sí òkè pé: "Wọ́n gba òmìnira ní 1962. Kí ló tún kù tí wọ́n ń pè ní ẹ̀yìn amúnisìn?"

Bàbá Ìbejì, ẹ kú àtakò. Òótọ́ ni, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1962 ni, wọ́n sì di olómìnira tí kò lọ́ba mọ́ ní 1976. Síbẹ̀, títí di òní, bí ẹjọ́ bá le ní Port of Spain, olú-ìlú wọn, Lọ́ńdọ̀nù ló ń parí sí, níwájú ìgbìmọ̀ adájọ́ tí wọ́n ń pè ní Privy Council. Àwa já okùn yẹn ní 1963. Ohun tó wá pani lẹ́rìn-ín ni pé àwọn orílẹ̀-èdè Caribbean ti dá ilé-ẹjọ́ tiwọn sílẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn ní 2005, Port of Spain gan-an ni ibùjókòó rẹ̀. Àwọn ará Barbados àti Guyana ń gbé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wọn wá síbẹ̀. Ẹni tó ni ilẹ̀ tí ilé-ẹjọ́ wà ló ń gbé tiẹ̀ gba òkun kọjá lọ.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí mo sọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, agbẹjọ́rò kan tó gbà wá lálejò sọ èrò tirẹ̀: ìlú tí gbogbo èèyàn inú rẹ̀ ò ju bíi mílíọ̀nù kan àbọ̀ lọ, adájọ́ lè jẹ́ ẹni tó bá ẹ̀gbọ́n rẹ jókòó lórí bẹ́ńṣì kan ní ilé ìwé, tàbí kó jẹ́ àna ẹni tí o pè lẹ́jọ́. Òyìnbó tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ò mọ àna ẹnikẹ́ni. Ẹlòmíràn dìde nínú yàrá kan náà, ó ní ìtìjú ni, pé ẹni tí ò bá lè dá ẹjọ́ ara rẹ̀ ò tíì dàgbà. Inú bọ́ọ̀sì fọ́ sí méjì títí a fi dé ibi tí a wọ̀ sí. Ọmọ Nàìjíríà yẹn ní ká ní ẹjọ́ tiwa náà ṣì ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, òun ì bá máa sùn dáadáa. Mo bá a jà. Mi ò rò pé mo borí.

Ẹ tún wo àmì orílẹ̀-èdè wọn. Láti 1962, ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta Columbus ló wà láàrin rẹ̀. Ó di 2024 kí ìjọba tó kéde pé àwọn máa yọ ọkọ̀ náà, kí àwọn fi pan, ìlù irin wọn, rọ́pò. Ọdún 62! Wọ́n sì tún jiyàn lórí rẹ̀: àwọn kan ní ó ti pẹ́ jù, àwọn kan ní ìtàn ni, ẹ fi sílẹ̀. Bàbá Ìbejì, ohun tó kù nìyẹn.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, nítorí ọmọ Amẹ́ríkà lọmọ yín báyìí, bẹ́ ẹ fẹ́ bẹ́ ẹ kọ̀.

Ibì kan wà ní ìwọ̀ oòrùn Port of Spain tí wọ́n ń pè ní Chaguaramas. Nígbà ogun Hitler, Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ogun àlòkù 50 lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, àwọn náà sì fi ilẹ̀ ní àwọn erékùṣù wọn háyà fún Amẹ́ríkà fún ọdún 99. Chaguaramas wà nínú rẹ̀. Ta ló bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀? Nígbà tí àwọn erékùṣù fẹ́ para pọ̀ di ìjọba kan ní 1958, Chaguaramas ni wọ́n mú pé kó di olú-ìlú, Amẹ́ríkà ní àwọn ò kúrò. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin 1960, Eric Williams, olórí ìjọba wọn nígbà náà, kó èrò lẹ́yìn wọ ìgboro nínú òjò láti gba ilẹ̀ náà padà.

Williams yìí ti ṣe olùkọ́ ní yunifásítì Howard, ní Washington, kó tó padà sílé wá di olórí ìjọba. Òun ló kọ ìwé Capitalism and Slavery ní 1944, níbi tó ti sọ pé owó ẹrú wà lára ohun tó gbé ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì dìde, àti pé ìṣirò owó ju àánú lọ nínú ohun tó mú wọn fòpin sí i. Ó máa ń dúró ní gbàgede Woodford Square, á máa kọ́ àwọn aráàlú ní ìtàn bí ẹni wà ní kíláàsì, débi tí wọ́n fi ń pe ibẹ̀ ní yunifásítì. Níbẹ̀ ló ti pariwo ní 1961 pé "Massa Day Done", ìgbà ọ̀gá òyìnbó ti tán.

A kó àwọn ọmọ lọ sí Chaguaramas ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ọmọbìnrin kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ sójà ojú omi Amẹ́ríkà dúró síbẹ̀, ó ń wo òkun, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nínú ìwé tó kọ fún wa nígbà tí a dé, ojú ewé méjì nípa òwúrọ̀ yẹn dára ju gbogbo ìyókù lọ.

* * *

Ó yá, ẹ wá gbọ́ èyí tí ẹ̀yin ń dúró dè. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kọ̀wé pé: "Wọ́n ní àwọn Yorùbá wà níbẹ̀ tó ń bọ Ògún. Mo wo fídíò wọn. Yorùbá tí wọ́n ń kọ lórin ò já geere, wọ́n tún ń ka àdúrà Kátólíìkì mọ́ ọn. Ṣé ohun tí ọmọ wa fẹ́ lọ kọ́ nìyẹn?"

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, fara balẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Yorùbá tó dé Trinidad kò bá oko ẹrú dé. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, ọkọ̀ ogun wọn a máa mú ọkọ̀ tó ń kó ẹrú lójú òkun, wọ́n á sì já àwọn èèyàn inú rẹ̀ sí Freetown tàbí erékùṣù St Helena. Láti 1841 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú wọn lọ ṣiṣẹ́ ní Trinidad. Àkókò yẹn náà ni Ọ̀yọ́ ti fọ́, tí ogun ń jà láàrin àwa fúnra wa. Ẹ mọ ibi tí àwọn tí a mú lójú ogun ń lọ. "Yarraba" ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Nígbà tí Maureen Warner-Lewis, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, ń wá orin kiri lọ́dọ̀ àwọn arúgbó ní àwọn ọdún 1960 sí àwọn ọdún 1970, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn ṣì wà tó ń kọ orin Yorùbá fún un.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ò sì fi ọwọ́ ẹ̀rọ̀ mú un. Lẹ́yìn rògbòdìyàn tó ṣẹlẹ̀ nígbà Carnival ní 1881, òfin 1884 fún ìlù lọ́rùn. Àwọn aráàlú fi ọparun gbá ilẹ̀ dípò ìlù, wọ́n bọ́ sí agolo, wọ́n bọ́ sí àgbá epo, ibẹ̀ ni pan ti jáde. Ní 1917 ìjọba fòfin de ìjọ Kristẹni kan tí wọ́n ń pè ní Shouter Baptist, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ẹni tó ń lọ sí ojúbọ òrìṣà pẹ̀lú. Ọdún 1951 ni wọ́n tó fagi lé òfin náà. Lónìí, ọjọ́ 30 oṣù Kẹta jẹ́ ọlidé fún ìrántí rẹ̀. Ní 1988 Ọọ̀ni Ṣìjúwadé lọ kí àwọn olórìṣà ibẹ̀, ní 1999 wọ́n sì ṣòfin tó jẹ́ kí àwọn olórìṣà máa so èèyàn pọ̀ ní tọkọtaya lábẹ́ òfin.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àdúrà Kátólíìkì. Wọ́n ń bá ara wọn jà lórí rẹ̀ níbẹ̀, wọn ò dúró de ọ. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní kí wọ́n kó ère Mikaeli Mímọ́ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ Ògún. Àwọn àgbà ní Mikaeli ló bo Ògún láṣírí nígbà tí ọlọ́pàá ń wá a, pé ẹni tó gbà ọ́ sílé lọ́jọ́ òjò, o kì í lé e lọ nígbà tí oòrùn bá yọ. Èmi wà lẹ́yìn àwọn àgbà níbẹ̀ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ańgílíkà ni mí.

Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣojú mi. Àgbàlá kan gbà wá láyè láti wá jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú ọdún wọn. Ọ̀pá ọparun wà níwájú, àsíá aláwọ̀ oríṣiríṣi ń fẹ́ lórí wọn. Ìlù mẹ́ta ni wọ́n lù, wọ́n sì ń pe èyí tó kéré jù ní omele. Omele! Ara mi bù mọ̀ọ̀. Ìyá àgbà kan lé orin Ògún. Nígbà tí wọ́n sinmi, ọmọ Nàìjíríà inú ẹgbẹ́ wa (ẹni físà yẹn náà ni) bá sún mọ́ màmá yìí, ó sì ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ kan nínú orin náà, pé ohùn rẹ̀ ti yí. Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́ o, kò ní ìwà àfojúdi. Màmá bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní kíláàsì Yorùbá ni, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Màmá ní, "Ìyá ìyá mi ló kọ́ èmi, ó ń wo ẹnu ọ̀nà bóyá ọlọ́pàá ń bọ̀." Ó sì yí padà sí àwọn onílù.

Ọmọ yìí sunkún. Lọ́jọ́ Sunday, ó pe ìyá àgbà tirẹ̀ ní Ọ̀ṣun lórí fóònù, ó kọ orin náà sí i létí kó lè mọ̀ bóyá ó mọ̀ ọ́n. Ìyá àgbà ní kó dákẹ́ jẹ́jẹ́, pé inú ṣọ́ọ̀ṣì lòun wà, kó má kó orin àwọn abọ̀rìṣà sí òun létí.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ìwọ sọ fún mi, nínú ìyá àgbà méjèèjì yẹn, ta ni Yorùbá rẹ̀ ò já geere?

* * *

Kí n tún fi èyí kún un fún ẹni tó ní "ìtàn aláwọ̀ dúdú nìkan ni". Rárá. Ní Waterloo, ilé òrìṣà Híńdù kan wà láàrin omi. Sewdass Sadhu, òṣìṣẹ́ oko ìrèké, ló kọ́ ti àkọ́kọ́ sórí ilẹ̀ ilé iṣẹ́ ṣúgà ní etí òkun. Wọ́n fà á lọ sí kóòtù, ó ṣẹ̀wọ̀n ọjọ́ 14, wọ́n sì wó ilé náà. Ó ní ó dáa, òkun kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òkúta lọ sínú omi, fún nǹkan bí ọdún 25. Ìjọba tún un kọ́ ní 1995. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń pa fóònù wọn mọ́ fúnra wọn níbẹ̀.

Oṣù Karùn-ún tí wọ́n mú yẹn dára. Ọjọ́ Ìgúnlẹ̀ Àwọn Ará Íńdíà bọ́ sí ọjọ́ 30, àwọn olórìṣà sì ti bẹ̀rẹ̀ ọdún wọn láti ẹ̀yìn Àjíǹde. Bó bá jẹ́ oṣù Kìíní ni, pan ni wọn ì bá gbọ́ lálaalẹ́, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń múra sílẹ̀ fún ìdíje Carnival. Ẹ ò lè rí méjèèjì pọ̀.

* * *

Ìyá ọmọ, ẹ tún béèrè pé ibo ni owó náà ń lọ. Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ní tiwa, ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò kan ní Amẹ́ríkà ló gba èyí tó pọ̀ jù. Awakọ̀ gba tirẹ̀, ilé àlejò gba tirẹ̀. Àgbàlá tó gbà wá lálejò, tí a jẹ oúnjẹ wọn, kò sí nínú ètò ìnáwó rárá. Àwa olùkọ́ la dáwó jọ, a ra àbẹ́là àti òróró, a fi owó díẹ̀ sínú àpò ìwé. Nígbà tí a dé, ọ́fíìsì owó kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ká mú rìsíìtì wá. Rìsíìtì lọ́wọ́ Ògún! Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó san: èló ló ń dé ọwọ́ àwọn tí ọmọ yín máa jókòó tì? Bí wọ́n bá ń wo ara wọn lójú, ẹ ti rí èsì.

Lójú tèmi, kó lọ. Kó ka ìwé Williams yẹn kó tó lọ, kó kó yẹ̀rì gígùn kan àti gèlè funfun dání, kó tọrọ àyè kó tó ya fọ́tò ẹnikẹ́ni. Bó bá dúró níwájú ẹni tó ń ta doubles ní àárọ̀ (búrẹ́dì pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n dín, ẹ̀wà channa onírú kọ́rì ló wà láàrin), kó ní "slight", ìyẹn díẹ̀, bí wọ́n bá bi í nípa ata. Kó má sọ pé ọmọ Yorùbá lòun, òun lè jẹ ata. Mo sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, odindi wákàtí kan ni mo fi wá omi.

* * *

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí èsì yín pé bàbá rẹ̀ ti gbà, àmọ́ ó ní ọmọ náà gbọ́dọ̀ dé Iléṣà ní oṣù Kejìlá. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún un kó má pe ìyá àgbà lọ́jọ́ Sunday.